Ìfẹ́ Lẹ́yìn Ikú Ọkọ: Sinimá Faransé kan àti Opó Ṣíṣú ní Ilẹ̀ Òkun

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ sinimá ìfẹ́ ni ó dá lórí àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì fẹ́ra. Ọmọkùnrin rí ọmọbìnrin, àwọn òbí kọ̀, wọ́n tún gbà, ìyà díẹ̀ sì wà láàárín. Àwa náà ní irú rẹ̀ ní èdè wa. Ó le kú, ìwé ìtàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1974, tí Túndé Kèlání sì sọ di sinimá ní 1997, dá lórí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn kan tí ó ń wá aya. Ṣùgbọ́n irú sinimá ìfẹ́ mìíràn wà tí ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí òmíràn parí sí. Ikú ti mú ọkọ tàbí aya lọ. Ẹni tí ó ṣẹ́ kù kò tíì darúgbó, ọkàn rẹ̀ kò sì tíì kú. Kí ni kí ó ṣe?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Kí sinimá tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn baba wa ti ní ìdáhùn tiwọn sí i, opó ṣíṣú ni wọ́n sì ń pè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní a máa jiyàn lórí rẹ̀. Àwọn kan ní oko ẹrú ni. Àwọn mìíràn ní àṣà rere ni, pé àwọn òyìnbó ni ó bà á jẹ́ lójú wa. Èrò tèmi ni pé apá méjèèjì ń jiyàn lórí ohun tí kì í ṣe gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ ni ẹni tí a bi ní ìbéèrè náà, àti bóyá ẹni náà lómìnira láti dáhùn bí ó ti wù ú. Mo fẹ́ fi sinimá kan àti àṣà àwọn Yorùbá Òkun tí ó wà ní agbègbè Kábà ṣe àlàyé èyí.

Sinimá náà

Claude Lelouch, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣe sinimá tí mo ń wí ní 1966. Un homme et une femme ni orúkọ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ‘Ọkùnrin kan àti Obìnrin kan’. Ó wà lára sinimá méjì tí wọ́n jọ pín ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ ní àjọ̀dún sinimá ti Cannes ní ọdún náà, ó sì tún gba ẹ̀bùn Oscar tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fún sinimá tí a fi èdè ilẹ̀ mìíràn ṣe.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Opó ni Anne. Iṣẹ́ sinimá ni ó ń ṣe. Ẹnu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ náà kú sí, nítorí òun ni ó máa ń ṣe àwọn ohun eléwu níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán. Jean-Louis ní tirẹ̀ jẹ́ awakọ̀ eré ìje. Ó ní jàǹbá ní ìlú Le Mans, ó farapa gidigidi; ìyàwó rẹ̀ rò pé kò lè yè é, ìbẹ̀rù náà pọ̀ fún un débi pé ó gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ni àwọn méjèèjì ní. Ilé-ìwé kan náà ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń gbé, ní ìlú Deauville létí òkun. Ní ọjọ́ kan tí Anne lọ wo ọmọ rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ti lọ kí ó tó dé ìdíkọ̀. Jean-Louis sì fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé e padà sí Paris. Ibẹ̀ ni wọ́n ti di ojúlùmọ̀ ara wọn.

Nígbà tí Jean-Louis parí ìje kan ní Monte Carlo, Anne tẹ wáyà sí i pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ọkùnrin náà kò sùn. Ó wakọ̀ mọ́jú láti gúúsù ilẹ̀ Faransé títí ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn méjèèjì wà pọ̀, ara Anne kọ̀. Ó jẹ́wọ́ pé nítorí ọkọ òun ni. Ọkùnrin náà rán an létí pé ọkọ yẹn ti kú. Ohun tí Anne fi hàn án ni pé lọ́kàn tòun, kò tíì kú. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Jean-Louis tún wakọ̀ tẹ̀ lé e dé Paris, wọ́n pàdé ní ìdíkọ̀, wọ́n dì mọ́ra, sinimá sì parí síbẹ̀.

Ohun kan yẹ ní àkíyèsí nínú àwòrán rẹ̀. Owó Lelouch kò tó láti ya gbogbo sinimá náà ní aláwọ̀, nítorí náà apá kan ní àwọ̀, apá kan kò sì ní. Ìgbà tí ọkọ Anne wà láàyè ni a rí ní aláwọ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí i nísinsìnyí ni kò ní àwọ̀. Òkú ń tàn yòò lọ́kàn rẹ̀, alààyè sì ṣókùnkùn. Inú orí Anne nìkan ni òkú yìí ń gbé. Kò sí ẹlòmíràn tí ó bá a gbé e.

Ta ni à ń pè ní ọkọ?

Yorùbá tí ó bá wo sinimá yìí yóò béèrè ohun tí ó lè má wá sọ́kàn ará Paris. Níbo ni ìyá olóògbé wà? Àwọn àbúrò rẹ̀ dà? Ta ni ó ń bá Anne sọ̀rọ̀ ọmọ náà? A kò rí ẹnì kankan tí ó jókòó tì í tí ó ń pàrọwà fún un. Àwọn méjì péré ni wọ́n ń yanjú ọ̀ràn tí ó kan ènìyàn mẹ́fà, bí a bá ka àwọn ọmọ àti òkú mọ́ wọn.

Ohun tí ó fa ìbéèrè wa wà nínú èdè wa. Ní ilé Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà ‘ọkọ’ kò mọ sórí ọkùnrin kan. Àbúrò ọkọ jẹ́ ọkọ fún ìyàwó. Ọmọdé tí a ti bí sínú ilé kí ìyàwó tó wọlé jẹ́ ọkọ rẹ̀. Àbúrò ọkọ tí ó jẹ́ obìnrin pàápàá, ‘ọkọ mi’ ni ìyàwó ń pè é. Agbo ilé ni ó fẹ́ ìyàwó, agbo ilé náà ni ó sì ní kí ó káàbọ̀. Nítorí náà bí ikú bá mú ọkùnrin tí a tìtorí rẹ̀ mú un wọlé lọ, ikú mú ọkọ kan lọ ni. Kò mú ọkọ tán nílé.

Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni a gbé opó ṣíṣú kà. Lẹ́yìn tí ọjọ́ ọ̀fọ̀ bá pé, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ilé lè ṣú opó náà, kí ó máa bọ́ òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, kí ó sì máa ṣe ìtọ́jú oko olóògbé. Ó ní òfin tirẹ̀. Àbúrò ni ó ń ṣú opó ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n kì í ṣú opó àbúrò, nítorí aya àbúrò rí bí ọmọ lójú rẹ̀. Ọmọ tí ìyàwó mìíràn bí fún olóògbé lè ṣú u pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọmọ tí opó bí fúnra rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. N. A. Fadípẹ̀ kọ nípa ètò ìgbéyàwó àti ẹbí Yorùbá nínú iṣẹ́ ìwádìí tí ó parí ní London ní 1939, èyí tí a wá tẹ̀ ní ìwé ní 1970. Ìwé náà ṣì wúlò fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ètò wọ̀nyí ní kíkún. Àwọn àgbà ní bí baálé ilé bá kú, ilé a di ahoro. Ìgbìyànjú láti má ṣe jẹ́ kí ilé dahoro ni opó ṣíṣú.

Ní àwọn ibìkan ní ilẹ̀ Yorùbá, orín ni a fi ń béèrè. Ọkùnrin tí ó bá fẹ́ ṣú opó yóò fi orín rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Bí opó bá gbà á, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí i. Bí kò bá gbà á, a óò dá orín padà. Mo rò pé ọgbọ́n ńlá ni ó wà nínú èyí. Orín kò níye lórí, ẹnì kankan kò lè sọ pé òun ti náwó lórí opó; kò sì sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ tí ojú yóò fi tì bí a bá kọ̀ ọ́. Wọ́n fi ààyè sílẹ̀ fún obìnrin náà láti sọ pé rárá láì dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ní irú àṣà yìí. Òfin àwọn Júù ìgbàanì, bí a ti rí i nínú ìwé Diutarónómì, ní kí arákùnrin olóògbé fẹ́ opó tí kò bímọ. Nínú ìtàn Rúùtù, opó ọmọ ilẹ̀ Móábù, Rúùtù fúnra rẹ̀ ni ó lọ bá Bóásì ní ilẹ̀ ìpakà, ìbátan kan tí ó sún mọ́ olóògbé ju Bóásì lọ sì kọ̀ níwájú àwọn àgbà. Ìfẹ́, ẹbí àti ẹ̀tọ́ láti kọ̀ jọ wà nínú ìtàn kan náà.

Aṣọ àti òkú ní ilẹ̀ Òkun

Àwọn Yorùbá Òkun ni àwọn Owé tí ó wà ní Kábà, àwọn Bùnú, Ìjùmú, Ìyàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ibi tí ilẹ̀ Yorùbá ti fẹ́ kan ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé ni wọ́n ń gbé. Abẹ́ ìjọba Àríwá ni àwọn òyìnbó fi wọ́n sí, ní Ìpínlẹ̀ Kábà ìgbà náà. Wọ́n wà nínú Ìpínlẹ̀ Kwara láti 1967, wọ́n sì wà nínú Ìpínlẹ̀ Kògí láti 1991. Nítorí èyí, àwa tí a wà ní ìhà Ìbàdàn àti Èkó kì í sábà rántí wọn nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àṣà Yorùbá, àbùkù ńlá sì ni èyí jẹ́ fún ẹ̀kọ́ wa.

Àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ àdánù. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún àwọn ọmọ ogun Tápà láti Bídá ń kó wọn lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìsákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn, títí di 1897 tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ilé-iṣẹ́ Royal Niger fi lé àwọn Tápà kúrò ní Kábà tí wọ́n sì ṣẹ́gun Bídá. Ẹ jẹ́ kí á ronú ohun tí èyí jẹ́ fún tọkọtaya. A mú ọkọ tàbí aya lọ lójijì. Kò sí òkú tí a rí sin, kò sí iboji. Ta ni ó mọ ọjọ́ tí ọ̀fọ̀ rẹ̀ yóò pé? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ohun tí ó lè fi jẹ́ opó ní kíkún, kò sì ní ohun tí ó lè fi bọ́ nínú rẹ̀. Nípa èyí a lè mọ iṣẹ́ tí ìsìnkú ń ṣe fún alààyè.

Ní ilẹ̀ Bùnú, aṣọ ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Elisha Renne, onímọ̀ àṣà ẹ̀dá láti Amẹ́ríkà, gbé láàárín wọn, ó sì tẹ ìwé kan jáde ní 1995, Cloth That Does Not Die, èyí nì ni ‘aṣọ tí kì í kú’. Àwọn obìnrin Bùnú a máa fi òwú tí wọ́n fúnra wọn ran hun aṣọ lórí òfì tí ó dúró lóòró. Aṣọ funfun wà, ó wúlò fún ọ̀rọ̀ ẹbọra àti fún ìwòsàn. Aṣọ dúdú wà tí ó jẹ́ ti ìgbéyàwó. Aṣọ pupa sì wà tí a ń pè ní aṣọ ìpò, èyí tí ó jẹ́ ti òkú àwọn olóyè àti àwọn àgbà ọkùnrin pàtàkì. Kùbúsù onírun pupa tí ó wá láti ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n máa ń tú, kí wọ́n tó fi òwú rẹ̀ hun aṣọ pupa náà. Ohun tí ó bá kù nínú aṣọ ìpò lẹ́yìn ìsìnkú kò di ohun àfọwọ́rọ́ sẹ́yìn. A máa ń lò ó fún ẹ̀wù egúngún.

Kí a má ṣe àṣìṣe níhìn-ín. Aṣọ ìpò kì í ṣe ti gbogbo ọkọ tí ó kú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fi aya ọ̀dọ́ sílẹ̀ kò ní in. Ṣùgbọ́n ó fi èrò kan hàn tí ó ràn wá lọ́wọ́ láti wo sinimá Lelouch. Ní Bùnú, a gbé òkú síta lójú gbogbo ayé. Àwọ̀ rẹ̀ wà lára aṣọ, ẹbí ni ó ń tọ́jú aṣọ náà, egúngún sì ń gbé e jó. Opó kò nílò láti máa tọ́jú òkú nìkan nínú orí ara rẹ̀ bí Anne ti ń ṣe. Ẹbí ti bá a gbà á. Bí ó bá tún ní ọkọ, kò túmọ̀ sí pé ó gbàgbé òkú, nítorí ìrántí òkú kò sí lọ́wọ́ òun nìkan mọ́. Ní tèmi, ohun tí ìsìnkú rere ń ṣe fún opó nìyí, sinimá náà kò sì rí i rò, nítorí pé ẹbí kò sí nínú rẹ̀.

Ẹnu opó

Bí mo bá dúró síbi tí mo dé yìí, òǹkàwé lè rò pé mo ń gbé àṣà lárugẹ láti fi tẹ́ńbẹ́lú òyìnbó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àyè kan wà tí opó ṣíṣú ti ń di jíjogún ènìyàn, àyè náà sì súnmọ́ tòsí.

Nínú ìwé Une si longue lettre tí Mariama Bâ, ọmọ ilẹ̀ Senegal, tẹ̀ jáde ní 1979, opó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ramatoulaye ń ṣe ọ̀fọ̀ oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí òfin Ìsìláàmù.  Ní ọjọ́ ogójì ikú ọkọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ náà wọlé, ó sì kéde pé òun ni yóò fẹ́ ẹ nígbà tí ó bá jáde. Kò béèrè, ó kéde. Ramatoulaye lé e jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kíkorò. Lẹ́yìn náà ọkùnrin rere kan tí ó ti fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà èwe wá bẹ̀ ẹ́, ó sì kọ èyí náà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, nítorí kò ní ìfẹ́ rẹ̀ lọ́kàn, ọkùnrin náà sì ti ní aya. Ìyàtọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ méjèèjì wà nínú bí a ti bi í.

Sinimá Neria, tí a ṣe ní Zimbabwe ní 1993, fi apá kejì hàn wá. Ọkọ Neria kú nínú jàǹbá, arákùnrin ọkọ sì kó owó àti ẹrù tí tọkọtaya jọ ṣiṣẹ́ kó jọ. Ilé-ẹjọ́ ni ó gbà á sílẹ̀. Kì í ṣe ìfẹ́ ni arákùnrin náà ń wá. Orúkọ àṣà ni ó fi ń bo ojúkòkòrò mọ́lẹ̀.

Ọ̀ràn ogún yìí kan àwa Yorùbá gan-an. Nínú òfin àbáláyé wa, àwọn ọmọ ni ó ń jogún baba wọn. Nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé tí ó dé ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní London ní 1962, ìdí-igi ni a fi pín in, èyí ni pé iye àwọn ìyá ọmọ ni a wò. A ka àwọn ìyá láti fi pín ogún fún àwọn ọmọ. Àwọn ìyá fúnra wọn kò ní ìpín. Opó tí kò bímọ ńkọ́? Bí kò bá gba orín àbúrò ọkọ, orí ilẹ̀ wo ni yóò máa dáko lé ní ọdún tí ó ń bọ̀? Ibí yìí ni ó ti yẹ kí ẹni tí ó ń yin orín dúró rò ó. A lè fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ béèrè lọ́wọ́ opó, kí a sì fi orùlé orí rẹ̀ sẹ́yìn ìbéèrè náà. Bí ìyà bá wà nínú ‘rárá’, a kò tíì bi í ní nǹkan kan.

Òfin ti ń gbìyànjú. Òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, èyí tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2015, ka ìyà tí a ń fi àṣà jẹ opó sí ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè tìtorí rẹ̀ ṣe ẹ̀wọ̀n tó ọdún méjì. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n òfin kò lè fún opó ní oko, kò sì lè jókòó tì í ní alẹ́. Ẹbí ni ó lè ṣe é.

Opó ọkùnrin

Ọkùnrin náà ń ṣọ̀fọ̀, èdè wa sì fi ọ̀rọ̀ kan náà, opó, pè é. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kì í ṣú u. Láyé àtijọ́ ó lè ní ìyàwó mìíràn nílé, bí kò bá sì ní, a óò tètè wá òmíràn fún un. A gbà pé ọkùnrin kò lè dá gbé. A kò bi í bóyá ọkàn rẹ̀ ti tán lára òkú. Èyí pàápàá jẹ́ àìbèèrè. Nínú sinimá Breath of Life tí BB Sasore ṣe ní 2023, èyí tí ìtàn rẹ̀ wáyé ní Ìbàdàn, Wálé Òjó ṣe òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tí ó pàdánù aya àti ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kẹ̀yìn sí Ọlọ́run àti ènìyàn. Kì í ṣe ìyàwó tuntun ni ó gbé e dìde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wá ń ṣiṣẹ́ nínú ilé rẹ̀ ni. Àwọn àgbà ní ènìyàn ni aṣọ. Kò pọn dandan kí aṣọ tí a óò dà bo ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ jẹ́ ti ìgbéyàwó.

Ìparí ọ̀rọ̀

Bí ọmọ Òkun kan bá fẹ́ ṣe sinimá ìfẹ́ lẹ́yìn ikú ní ọjọ́ iwájú, kò nílò láti ya Paris lò. Agbo ilé kan ní Kábà tó o: opó, ìyá ọkọ tí òun náà ń sunkún ọmọ rẹ̀, àbúrò ọkọ tí ó ń bẹ̀rù láti béèrè, àti àwọn ọmọ tí ó ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohun tí yóò mú wa jókòó wò ó ni pé a kò ní mọ̀ ṣáájú bóyá obìnrin náà yóò gbà tàbí yóò kọ̀.

Kí ó tó di ìgbà náà, iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń lọ sílé ní àkókò ìsinmi. Àwọn ìyá àgbà tí a ṣú ní opó ṣì wà ní Owé, ní Bùnú, ní Ìjùmú, ní Ìyàgbà àti ní Ọ̀wọ́rọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ mọ́. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, kí ẹ sì béèrè bí wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ wọn, ohun tí wọ́n fi dáhùn, àti ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ti kọ̀. Nínú ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta yìí ni a óò ti mọ agbo ilé tí ó ṣú opó àti èyí tí ó jogún ènìyàn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè àdúgbò wọn gan-an, kí ẹ má ṣe tún un ṣe sí ti Ọ̀yọ́.